Àkísà Orí Àjàgà

Sítío Bantug,
Guimba, Nueva Ecija,
Ilẹ̀ Filipínì.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2018.

Eusebio, ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí atẹ́gùn díẹ̀ ti ń fẹ́ lẹ́yìn òjò. Ṣé ara rẹ le? Ṣé oúnjẹ àwọn ará New Zealand ń bá ọ lára mu? Ising ẹ̀gbọ́n rẹ ní òtútù ibẹ̀ ń mú kí yìnyín jókòó sórí koríko láàárọ̀, àti pé inú irú òtútù bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti ń fún wàrà màlúù. Máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ara tèmi náà kò burú, àfi orúnkún ọ̀tún tí ó máa ń kéde òjò kí òjò tó dé. Ising àti ọkọ rẹ̀ wà dáadáa. Gbogbo wa ń dúpẹ́.

Ising náà ni ó ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ti ń sọ ọ́. O mọ̀ pé bàbá mi kò rán mi lọ sí ilé ìwé. Ó ní bí gbogbo wa bá mọ̀wé, ta ni yóò mọ ẹrẹ̀? Mo ti kìlọ̀ fún Ising pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé n kò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ó ti ń na fóònù náà sí mi tí mo ń yíjú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mo sì mọ ara wa. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ yóò fèsì, èmi náà yóò fèsì, ibi tí a bá a dé lọ́jọ́sí ni a ó tún bá a dé. Nínú lẹ́tà, kò sí ẹni tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ising sọ fún mi pé ìwé iṣẹ́ rẹ níbẹ̀ yóò parí ní oṣù Kọkànlá, àti pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta mìíràn. Kí o tó fọwọ́ sí i, gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà, ṣe bí o bá ti fẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bakal, akọ ẹfọ̀n wa, ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó lé ọ kúrò nílé. Nígbà tí o ti ibi ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nípa ẹfọ̀n odò dé, o dúró sí àárín àgbàlá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bí ẹni tí ó fẹ́ kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní kí a jẹ́ kí Mutya, abo ẹfọ̀n wa, gba àtọ̀ ẹfọ̀n Íńdíà, àwọn dúdú oníwo kíká wọ̀nyẹn, nítorí ọmọ tí wọ́n bá bí a máa tètè dàgbà, a sì máa ní wàrà. Mo ní Mutya ni ó kù nínú ìran ẹfọ̀n tí bàbá mi fẹsẹ̀ rìn fà wá láti ilẹ̀ Ilokos, ẹ̀jẹ̀ àjèjì kan kò sì ní í wọ inú rẹ̀ níṣojú mi. Mo ní ọmọ náà yóò tóbi jù fún un, yóò sì pa á lọ́jọ́ ìbí. O ní, “Ó dáa, Tatang. Bí ẹ kò bá fẹ́ ti Íńdíà, ẹ dá Bakal sí. Ẹ jẹ́ kí ó máa gun àwọn abo ará àdúgbò. Kò sí ọmọ ẹfọ̀n tí ó tó o ní gbogbo abúlé kékeré yìí, ní sítío Bantug.” Lọ́jọ́ tí o lọ ra ajílẹ̀ ní Guimba, mo so Bakal, ọmọ tí Mutya bí, tí ó sì tọ́ dàgbà níwájú wa, mọ́ ìdí máńgòrò yìí kan náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Nígbà tí o dé, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú ewé gúáfà tí mo sè láti fi fọ ojú egbò. O wò ó títí. Ohun kan ṣoṣo ni o sọ: “Tatang, ẹ tún ti gé èyí tí ó dára jù.” Mo fi ìbínú dá ọ lóhùn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí oṣù náà tó parí, o ti lọ.

N kò rò pé mo ṣe ohun tuntun. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni. Akọ tí ọrùn rẹ̀ nípọn, tí èjìká rẹ̀ gbòòrò, òun ni a ń tẹ̀ lọ́dàá kí ó lè gbọ́ràn lẹ́nu iṣẹ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò máa lé abo kiri, yóò máa kan àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní í tọ poro. Èyí tí ó kúrú, tí ó rù, tí kò lè fa nǹkan kan, ta ni yóò fi ọ̀bẹ ṣòfò lórí rẹ̀? A ó fi í sílẹ̀ kí ó máa jẹ̀ kiri. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí bàbá mi fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, tí ó ní, “Karpo, ọrùn ni kí o máa wò. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá dùn ún wò jù, òun ni.” Láti ìgbà náà, kò sí àgbàlá kan ní sítío yìí tí ọ̀bẹ mi kò dé. Ṣùgbọ́n “tún” tí o sọ lọ́jọ́ náà há sí mi lọ́kàn bí ẹran ti ń há sí eyín. Ahọ́n mi kò yéé tọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́dún tí o lọ náà, nígbà tí a ń po ẹrẹ̀ de ìrẹsì, Rosenda yà sọ́dọ̀ mi. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Abalos tí ó ń gun alùpùpù kiri láti tọ́jú ẹran, òun kan náà tí ó kọ́ yín níbi ẹ̀kọ́ yẹn. Omi mímu ni ó bèèrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú Bakal sílẹ̀ kí ó lọ dùbúlẹ̀ nínú àbàtà ni, àjàgà sì wà lórí itan mi. Àjàgà bàbá mi ni, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Àkísà orí rẹ̀ ti gbó, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò àtijọ́ kan wé e.

Rosenda ní, “Tatang, kí lẹ ń wọṣọ fún igi sí?” Mo ní kí ó má baà máa yọ̀ lọ́rùn ẹran ni, nítorí pé ó fẹ̀ jù. Ó bi mí pé ta ló gbẹ́ ẹ. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, “Ṣé bàbá yín kò mọ nǹkan wọ̀n ni?” Inú bí mi. Mo ní bàbá mi a máa fi ojú lásán wọn òpó ilé mẹ́rin, kò sì sí èyí tí yóò fi ìbú ìka kan gùn ju èkejì lọ. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó da ìyókù sí ìdí máńgòrò. Ó ní, “A jẹ́ pé kì í ṣe àjàgà ló fẹ̀ nìyẹn, Tatang.” Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà náà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mo ń wé lọ́wọ́ ni ó wà lókè. Àpò ìrẹsì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún tí a bí ọ ni mo dì í mọ́ ọn. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni aṣọ aláwọ̀ ewé kan ti ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ya á fún mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa. Lábẹ́ aṣọ yẹn, igi náà ń dán bíi dígí. Ọrùn ẹran ni ó dán an. Nígbà ayé bàbá mi, kò sí àkísà kankan lórí àjàgà yìí. Ẹfọ̀n tirẹ̀ kún un. Tèmi, nígbà tí mo gbé ìyàwó, fi ìwọ̀n aṣọ kan kéré sí i. Bakal tí gbogbo ayé ń pè ní òmìrán, àkísà mẹ́ta ni mo fi ń dì í.

Mo wá ń ka àwọn akọ tí mo ti tẹ̀ lọ́dàá. Ìka ọwọ́ tán, ìka ẹsẹ̀ tán, n kò tíì kúrò ní ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́. Nínú àgbàlá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó tóbi jù ni mo gé. Àwọn kúkúrú tí a fi sílẹ̀ láti máa jẹ̀ kiri, àwọn ni wọ́n ń gun àwọn abo wa. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, Eusebio. A ń kùn pé koríko kò dára mọ́. A ń kùn pé omi ti yí padà. Temyong aládùúgbò wa tilẹ̀ sọ pé ariwo kuliglig, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ó gbòde yìí, ni kò jẹ́ kí ẹran dàgbà mọ́. Kì í ṣe kuliglig. Ọwọ́ mi ni.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún àkísà náà dì, mo sì bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní, nígbà tí Mutya bẹ̀rẹ̀ sí í ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ó ń wá akọ, mo so ó mọ́lẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé Rosenda. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Lakay Karpo, àgbàlagbà wa! Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, àbí ìkejì yín?” Mo ní, “Ẹran mi ń wá akọ. Ṣé o máa wá, àbí kí n padà?” Ó wá. Ó gbé àtọ̀ dídì náà wá nínú fìláàsì irin, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe é, kò sì pẹ́ tó bí ènìyàn ti ń jẹ àwo ìrẹsì kan. Temyong ti rọ̀ mọ́ ọgbà láti wòran. Ó ní, “Karpo, inú fìláàsì ni ọkọ ìyàwó ti jáde wá yìí? Ìgbà wo ni àsè? Ṣé kí n wọ bàtà?” Mo ní kí ó kọ́kọ́ wá eyín tí yóò fi jẹ àsè ná.

Ti àkọ́kọ́ kò mú. Temyong ní ọkọ náà ti tutù jù ni. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n lè sọ pé mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, Mutya tún wá akọ, ẹsẹ̀ mi sì tún gbé mi dé ọ̀dọ̀ Rosenda. Èkejì mú.

Mo ti sọ fún ọ pé ọmọ náà yóò pa á, díẹ̀ ló sì kù kí ó rí bí mo ti wí. Nínú oṣù Kejìlá ni, ọjọ́ kejì tí Máàsì ìdájí Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀. Bí Ising ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá Mutya ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọmọ méjèèjì àti imú rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n èjìká há. Ọkọ Ising sáré lọ pe Rosenda. Títí ó fi dé, mo kúnlẹ̀ sínú pòròpórò, mo ń gbàdúrà, mo sì ń bú ọ. Mo ní, “Eusebio, o ti pa ẹran bàbá mi.” Rosenda da omi ọṣẹ sí i, ó fi okùn sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì na orí okùn sí mi. Ó ní, “Bí ìyá bá rọbí, kí ẹ fà. Bí ó bá sinmi, kí ẹ sinmi. Ẹ má fà á bí ẹni ń wọ́ gẹdú o, Tatang.” Ọwọ́ mi tí ọ̀bẹ mọ́ lára ni mo fi di okùn yẹn mú. A fà, a sinmi. Oòrùn ti gba orí ilé kọjá kí ọmọ náà tó jáde.

Abo ni. Ó dúdú ju ìyá rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti aláǹtakùn. Mutya kò dìde títí di ọ̀sán, mo sì ti rò pé ó tán. Nígbà tí ó dìde, ó lá ọmọ náà gbẹ, ó wá yí ojú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é fún òun. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tiro títí di òní, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń jẹun. N kò tún ní kí ó bímọ mọ́.

Mo kọ̀ fún Ising láti sọ fún ọ. Mo ní mo fẹ́ fojú mi rí i bóyá ọmọ náà yóò wúlò. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo ń retí kí ó kùnà. Kò kùnà. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ó ti dé èjìká ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó pé méjì, Mutya ti di àbúrò rẹ̀ lójú ẹni tí kò bá mọ̀. Koríko kan náà ni wọ́n ń jẹ o, àti pòròpórò kan náà. N kò sì ní í tan ọ́: kò fara da oòrùn bíi tiwa. Lójú ọ̀sán, a máa mí helehele, a ní láti da omi lé e lórí nígbà púpọ̀. Temyong ní bí ó ti ń rìn nínú ẹrẹ̀ dà bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí bàtà rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fà, okùn máa ń ké.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé àjàgà lé e lọ́rùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò wọlé. Mo tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrò. Kò wọlé. Mo tú àpò ìrẹsì kúrò. Nígbà yẹn ni ó tó jókòó dáadáa. Aṣọ ìyá rẹ nìkan ni ó kù lórí rẹ̀, Rosenda sì ní ẹran náà kò tíì dàgbà tán.

N ó sọ ti Temyong fún ọ kí o lè rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó fa akọ kan wá fún mi kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín gan-an, tí kò ní Íńdíà kankan nínú, ọrùn rẹ̀ sì nípọn bí òpó. Mo wò ó, mo ní, “Èyí kọ́. Lọ mú arọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ wá.” Ó ní, “Èwo ni arọ? Kí ni n ó fi ìyẹn ṣe, ṣé kí ó máa fa ṣíbí?” Mo ní ìyẹn náà ni kí a gé, kí a sì fi ńlá sílẹ̀ láti máa gun àwọn abo wa. Temyong kígbe, “Karpo! Ìwọ tí o ti sọ gbogbo akọ sítío yìí di ìwẹ̀fà, ìgbà wo lo di alágbàwí wọn?” Mo ní láti ìgbà tí mo ti tú àkísà. Ó rò pé orí mi ti dàrú. A jà títí Ising fi gbé ìrẹsì wá bá wa. Ó jẹun tán, ó fa ẹran rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú èyí tí ó kéré. Ó ní kí n mọ̀ pé bí ńlá yẹn bá kan òun pa, èmi ni n ó ru pósí òun.

Nítorí náà, akọ kan wà ní sítío yìí lónìí tí ó tóbi, tí kò sì sí ọ̀bẹ tí ó kàn án. Ìyẹn ni o bẹ̀ mí fún nípa Bakal.

Mo ti sọ lókè pé ohun tí mo ṣe sí Bakal, àṣà wa ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, Ising dá kálámù dúró, ó ń wò mí. Mo ní kí ó máa kọ, ó sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ èyí náà. Bí ó bá jẹ́ àṣà nìkan ni, n kì bá ti dúró títí o fi lọ sí Guimba. Mo dúró kí o lọ nítorí mo mọ̀ pé bí o bá wà níbẹ̀, o ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ṣeé ṣe kí n gbọ́. N kò fẹ́ gbọ́. Mo ṣe é kí ó lè tán kí o tó dé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, kò sì dára. Bakal ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, kò ṣàìsàn rí, ó gbọ́ràn ju ẹran kankan tí mo tí ì ní lọ. Ojoojúmọ́ tí mo bá so okùn mọ́ ọn ni mo ń rántí.

N kò ní kí o má fọwọ́ sí ìwé ọ̀gá rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹni tí a ń so lókùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí mi ni o kò ṣe fẹ́ wálé, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹni tí o bá jà lọ́jọ́sí ti gbà pé ìwọ ni o jàre. Ilẹ̀ wa ṣì wà. Orúnkún mi kò lè po ẹrẹ̀ ju ọdún kan sí méjì lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹran, láti òní lọ, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí, yálà o wà nílé tàbí o wà lókè òkun.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní ilẹ̀ tí o wà. Kí òtútù má wọ egungun rẹ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó rọ̀ bí ẹrẹ̀ tí a pò dáadáa, kí ohun tí o bá gbìn síbẹ̀ sì yọ. Kí ọmọ tí o bá bí lọ́jọ́ kan máa já ọ ní koro bí o ti já mi, kí ó sì máa jàre bí o ti jàre.

Èmi ni bàbá rẹ, olórí kunkun,
Policarpio Dumlao
(mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín)

Ọ̀rọ̀ ìparí: Ọmọ Mutya yẹn kò tíì ní orúkọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta, “Ìwọ” ni mo ṣì ń pè é. Ising fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, mo ní rárá, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i lọ́kàn ni yóò sọ ọ́. Ní oṣù Kìíní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, Rosenda sì ní kí a tún fún un ní ti Íńdíà. Mo ní kí ó dúró de ìdáhùn rẹ. Bí o bá fẹ́ wá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, àkísà kan ṣoṣo ni ó kù lórí àjàgà. N kò ní í tú u. Mo fi í sílẹ̀ dè ọ́.